Ibi tí a bá dé sí ni yóò sọ èdè tí a máa gbọ́

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá sójú ewé yìí lónìí kì í ṣe ti fonọ́lọ́jì, kì í sì í ṣe ti gírámà. Ọ̀rọ̀ yàrá ni. Akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ní kí ó lọ gba èdè sílẹ̀ ní ìlú tí kò ti mọ ẹnikẹ́ni, báwo ni yóò ṣe rí ibi tí yóò sùn? Kò sí ẹni tó ń bá wa sọ ọ́ nínú kíláàsì. Wọ́n á kọ́ wa bí a ṣe ń ya ìró kan sọ́tọ̀ lára èkejì, wọ́n á kọ́ wa bí a ṣe ń to ìbéèrè, wọ́n á fún wa ní lẹ́tà tí wọ́n lu òǹtẹ̀ mọ́, ó parí. Ibi tí a máa sọ ẹrù wa sí, ọwọ́ wa ló kù sí. Èrò tèmi ni pé ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ ti ń dára tàbí tó ti ń bàjẹ́, kí a tó tan ẹ̀rọ agbóhùnsílẹ̀ rárá.

Ẹ jẹ́ kí n fi Paouignan ṣe àpẹẹrẹ, nítorí ibẹ̀ ni mo gbé fún àpilẹ̀kọ àṣekágbá mi. Paouignan wà ní gúúsù Dassa-Zoumè, lójú títì ńlá tí ó ti Kútọnu gba Bohicon lọ sí Parakou. Ọ̀nà rélùwéè àtijọ́ náà gba ibẹ̀ kọjá. Ó jẹ́ ọ̀kan nínú arrondissement mẹ́wàá tí ó para pọ̀ di commune Dassa-Zoumè, ní ẹkùn Collines tí wọ́n yọ kúrò lára Zou ní 1999. Bí ẹ bá ti gbọ́ Dassa, òkè mọ́kànlélógójì àti èdè Ìdàáṣà ni yóò kọ́kọ́ sọ sí yín lọ́kàn, ìyẹn ọ̀kan nínú àwọn èdè tó bá Yorùbá tan tí àwọn onímọ̀ kó jọ sábẹ́ orúkọ Ede. Ẹni tó bá wo máàpù tó rí Paouignan nínú Dassa, yóò di ẹrù rẹ̀, yóò ní òun ń lọ gbọ́ Ìdàáṣà. Ó dé ibẹ̀ tán, Mahi ló ń gbọ́ kiri ọjà. Mahi kì í ṣe ẹ̀ka Yorùbá. Ọ̀kan nínú àwọn èdè Gbe ni, abẹ́ Fọ̀n sì ni Capo tò ó sí. Àwọn tó ń sọ Ìdàáṣà wà níbẹ̀ o. Obìnrin tó fẹ́ ọkọ sí ibẹ̀, ẹni tó wá dá oko, ẹni tí òwò gbé wá. Ṣùgbọ́n ẹ lè gbé Paouignan fún oṣù méjì kí ẹ má bá wọn pàdé, bí ẹ kò bá mọ agbo ilé tí wọ́n wà.

N kò ní kí ẹ bú ẹni tó ya máàpù. Ààlà ìjọba ló yà. Inú ilé ni èdè ń gbé, ilé kan sì lè yàtọ̀ sí èkejì tí wọ́n jọ pín ògiri. Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ pé ilé tí ẹ bá wọ̀ ti yan apá kan nínú àwọn abẹ́nà-ìmọ̀ yín fún yín, ẹ fẹ́ o, ẹ kọ̀ o.

Ọ̀nà tí gbogbo wa kọ́kọ́ ń rò ni ti démarcheur. Ẹ mọ̀ wọ́n láti Calavi, àwọn tí nọ́ńbà wọn wà lára gbogbo ògiri. Ní ìlú kékeré, ó lè jẹ́ ẹni tó ń wa zémidjan tàbí ẹni tó ń ta káàdì fóònù ló ń fi í ṣe iṣẹ́ kejì. Yóò fi àwòrán yàrá ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp. Ẹ ó san owó ìbẹ̀wò kí ó tó mú yín dé ẹnu ọ̀nà, bí ẹ bá sì gba yàrá náà, ẹ ó san owó oṣù kan fún un. Yàrá tí yóò fi hàn yín mọ́ tónítóní: entrée-coucher, ilẹ̀ oní-sìmẹ́ńtì, lẹ́bàá títì ọlọ́dà, tó ní décompteur tirẹ̀, ìyẹn mítà kékeré tí onílé ń so mọ́ ti SBEE kí ó lè pín owó iná láàrin àwọn ayálégbé. Kò sí ohun tó burú nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn tó ń gbé ibẹ̀. Olùkọ́ tí ìjọba gbé wá láti gúúsù, nọ́ọ̀sì, ọlọ́pàá, ọmọ iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ kan tó ń gbẹ́ kànga. Àlejò ni gbogbo wọn bíi tiyín. Kí ni wọ́n á máa bá ara wọn sọ ní àárọ̀ nígbà tí wọ́n bá ń fọ eyín lójúde? Faransé ni, tàbí Fọ̀n. Mo mọ akẹ́kọ̀ọ́ tó gbé irú yàrá bẹ́ẹ̀ ní ìlú mìíràn nínú Collines, tí Fọ̀n rẹ̀ dára sí i gidigidi kí ó tó padà sí Calavi. Èdè tó tìtorí rẹ̀ lọ, wákàtí tó bá bẹ abẹ́nà-ìmọ̀ nìkan ló ń gbọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ kí á ṣírò owó rẹ̀ náà. Ká ní yàrá jẹ́ 10.000 fráǹkì lóṣù. Caution oṣù mẹ́ta, 30.000. Owó oṣù àkọ́kọ́, 10.000. Ti démarcheur, 10.000. Ó ti di 50.000 kí ẹ tó ra ẹní tí ẹ máa sùn lé. Akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ lo oṣù méjì péré ti kó owó oṣù márùn-ún sílẹ̀ lọ́jọ́ tó wọlé. Lóòótọ́, caution yẹ kí ó padà sọ́wọ́ yín nígbà tí ẹ bá ń lọ, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò wọ ọkọ̀ lọ sí Calavi lọ́la kò ní agbára láti jókòó bá onílé ṣe àríyànjiyàn lórí fèrèsé tó fọ́. Kí á tún dúpẹ́ o. Láti ọjọ́ 2 oṣù keje 2018 ni òfin 2018-12 ti wà lórí gbígba ilé fún ibùgbé ní Bẹ̀nẹ̀, òun ló sì fi òpin sí caution ní oṣù mẹ́ta. Kí ó tó dé, oṣù mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kì í ṣe ohun ìyanu ní Kútọnu. Àwọn ará wa ní Èkó, òfin ayálégbé ti 2011 ní tiwọn sọ pé onílé kò gbọdọ̀ gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ẹni tuntun. Ọdún kan! Ẹ mọ̀ pé tiwa ṣì ṣeé mí.

Ọ̀nà kejì ni ti àwọn tó sọ pé àwọn ò gba yàrá rárá. Wọ́n á dé sí hòtẹ́ẹ̀lì tàbí ilé ojúlùmọ̀ kan ní Dassa, wọ́n á máa gun zémidjan lọ sí Paouignan lówùúrọ̀, wọ́n á padà kí oòrùn tó wọ̀. Èyí ni mo lòdì sí jù. Ìgbà tí èdè ń ṣọ̀fẹ́ ni wọ́n máa ń lọ, ìgbà tí ó bá tú ara sílẹ̀ ni wọ́n máa ń sùn ní Dassa. Gbogbo wa la ka Labov: olùwádìí fẹ́ mọ bí àwọn ènìyàn ṣe ń sọ̀rọ̀ nígbà tí kò sí ẹni tó ń wò wọ́n, bẹ́ẹ̀ òun náà ló sì ń wò wọ́n. Ẹni tó ń dé ní agogo mẹ́sàn-án pẹ̀lú páálí ìbéèrè lábẹ́ apá, àga ni wọ́n á gbé fún un, èdè àlejò ni wọ́n á sì sọ fún un. Ó lè padà wálé pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ẹgbẹ̀rún kan, kí ó má ní gbólóhùn kan tí ìyá fi bá ọmọ rẹ̀ wí.

Ọ̀nà kẹta ló kù, òun ni mo gbà. Kí ẹ wá ẹni tí yóò mú yín wọlé. Kò rọrùn, ó sì máa ń pẹ́. Ẹ ó kọ́kọ́ lọ kí chef d'arrondissement, ẹ ó lọ kí chef de village, ẹ ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì fún ìgbà pípẹ́. Gbogbo ibi tí ẹ bá dé, ìbéèrè kan náà ni wọn yóò bi yín: ọmọ ta ni ọ́, ta ló mọ̀ ọ́ níbí? Mo rí i tí inú ń bí àwọn ọmọ ìlú ńlá nítorí ìbéèrè yìí, bí ẹni pé wọ́n fẹ̀sùn olè kàn wọ́n. Mo rò pé wọ́n ṣì í gbọ́. Ẹ rántí ibi tí a wà. Ìdílé ọba Dassa pàápàá, Ọmọ Jagun ni wọ́n ń jẹ́, nítorí Jagun Ọlọ́fin tí ìtàn sọ pé ó ti ilẹ̀ Ẹ̀gbá wá. Lásìkò tí ogun Dahomey ń dé lemọ́lemọ́, orí òkè ni àwọn ènìyàn sá sí, Mahi àti Ìdàáṣà, ẹ̀yìn tí ogun kásẹ̀ ni wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ sí pẹ̀tẹ́lẹ̀. Àwọn tí baba ńlá wọn jẹ́ àlejò rí, tí ẹlòmíràn sì wá kó lẹ́rú rí, kò yẹ kó yà wá lẹ́nu pé wọ́n fẹ́ mọ ẹni tó dúró fún àlejò. Ìdáhùn sí ìbéèrè yẹn ni ìwé àdéhùn tiwọn.

Èmi tí mo dàgbà ní Àjàṣẹ́, tí Faransé ni wọ́n fi kọ́ mi láti ilé-ìwé kékeré (Yunifásítì ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń kọ Yorùbá sílẹ̀, ẹ bá mi dárí ji àmì ohùn tó bá yẹ̀), ọ̀rọ̀ kan ló là mí lóye. Nínú Yorùbá, ilé ni yàrá tí mo fẹ́ gbà, ilé náà ni agbo ilé tó wà, ilé náà sì ni ìdílé. "Mo ń wá ilé" kó gbogbo rẹ̀ pọ̀. Nínú Fọ̀n, tí Mahi sún mọ́ pẹ́kípẹ́kí, wọ́n yà wọ́n sọ́tọ̀: xɔ ni èyí tí a kọ́, tó ní ògiri àti òrùlé, xwé ni agbo ilé pẹ̀lú àwọn tó ń gbé inú rẹ̀, olórí wọn sì ni xwétɔ́. Démarcheur kò lè fún yín ju xɔ lọ. Inú xwé ni iṣẹ́ wa wà, xwé kò sì ní nọ́ńbà lára ògiri.

Ìyá tí mo dé sọ́dọ̀ rẹ̀ níkẹyìn, ọmọ Ìdàáṣà ni, Mahi ni ọkọ rẹ̀. N kò ní dárúkọ rẹ̀ nítorí kò sọ pé kí n dá a. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì mo kúnlẹ̀ kí i, mo ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ìgbà wo ni mo lè wá bi yín ní àwọn ìbéèrè mi?"

Ó ní, "Ìbéèrè kí ni? Ṣé o máa ń jí kí ilẹ̀ tó mọ́?"

"Mo máa ń jí, Ìyá."

"Ó dáa. Lọ́la, gbé korobá, ká jọ lọ pọn omi. Ohun tó o fẹ́ bi mí, ibẹ̀ la ti ń sọ ọ́."

Òótọ́ ló sọ. Abẹ́ ilẹ̀ gbogbo agbègbè náà àpáta ni, kànga kì í pẹ́ gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nítorí náà ìlà máa ń gùn nídìí omi. Lórí ìlà yẹn ni mo ti gbọ́ ohun tí àtòjọ ìbéèrè mi kò lè bi lé. Mahi ni Ìyá fi ń kí gbogbo ènìyàn. Bí obìnrin kan tó jẹ́ ọmọ ìlú rẹ̀ bá dé, wọ́n á bọ́ sí Ìdàáṣà, wọ́n á rẹ ohùn sílẹ̀ díẹ̀. Tí ó bá di ọ̀rọ̀ owó, Faransé ló ń jáde lẹ́nu obìnrin tí kò lọ sílé-ìwé rí. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń gbọ́ Ìdàáṣà, Mahi ló fi ń dáhùn. N kò tan ẹ̀rọ kankan níbẹ̀, nítorí kò yẹ kí á máa gba ohùn ẹni sílẹ̀ láìbéèrè. Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tí mo bá padà sí yàrá, lẹ́yìn náà ni mo béèrè àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tí mo fẹ́ gbà sílẹ̀. Ìgbà náà ni mo tó mọ ìbéèrè tó yẹ kí n bi wọ́n.

Ẹ má ṣe rò pé èmi ni mo dá a sílẹ̀. Lesley Milroy tó tẹ ìwé rẹ̀ lórí Belfast jáde ní 1980 wọ àwọn àdúgbò tó ti ṣiṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí ọ̀rẹ́ ọ̀rẹ́ wọn, ẹnìkan ń fi lé ẹnìkejì lọ́wọ́. A ka orí náà, a sì ṣe ìdánwò lórí rẹ̀. Ohun tí mi ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ni pé kí a lo ìmọ̀ yẹn láti fi wá yàrá.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọ́n á ní ẹni tó bá gbé nínú agbo ilé kan ti di ọmọ agbo ilé náà, pé ohùn ìdílé kan ṣoṣo ni yóò kó wálé, pé àwọn tí kò bá onílé rẹ̀ ṣe kò ní dá a lóhùn. Òótọ́ ni. Ó ṣẹlẹ̀ sí mi: ilé kan wà nítòsí wa tí wọn kò jẹ́ kí n wọlé, mo sì mọ̀ pé ìjà ilẹ̀ tí n kò bá wọn dá sílẹ̀ ló fà á. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbé lẹ́bàá títì náà ní ìdílé tirẹ̀, ìyẹn àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba; kò kàn mọ̀ ọ́n ní ìdílé ni. Ìyàtọ̀ àwa méjèèjì ni pé èmi lè sọ ibi tí ohùn tí mo kó wá ti fì sí.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ, kò sì dùn ún sọ. Àwa obìnrin kì í rí yàrá bí àwọn ọkùnrin ṣe ń rí i. Onílé mẹ́ta ló bi mí léèrè ọkọ mi kí wọ́n tó bi mí léèrè iṣẹ́ mi. Ọ̀kan nínú wọn, owó wà lọ́wọ́ mi, ó sọ fún mi lójúkorojú pé òun kì í gba ọmọbìnrin tó bá dá wá, nítorí wàhálà. Wàhálà wo? Kò sọ. Akẹgbẹ́ mi ọkùnrin kan béèrè yàrá kan náà lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n sì fi hàn án lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bí mo ti ń yin àṣà "ta ló mọ̀ ọ́" yìí tó, n kò ní parọ́ pé ó dọ́gba fún gbogbo ènìyàn. Ó gba kí àgbà kan dúró fún obìnrin kí wọ́n tó gbà pé ènìyàn ni. Ìdí nìyẹn tí n kò fi gbà kí á fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún oríire akẹ́kọ̀ọ́. Lára wa, àwọn kan ti fi èdè tí wọ́n fẹ́ ṣe sílẹ̀ nítorí yàrá, wọ́n lọ ṣe àpilẹ̀kọ lórí èdè tí ẹ̀gbọ́n wọn ní ilé sí. Ẹ wo àkọlé àwọn àpilẹ̀kọ tó wà lórí pẹpẹ wa, kí ẹ wá bi àwọn tó kọ wọ́n léèrè ibi tí wọ́n sùn.

Kí ni mo wá ń béèrè? Àkọ́kọ́, lẹ́tà tí ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ ń fún wa. "Sí ẹnikẹ́ni tí ó bá kàn" ni wọ́n ń kọ sí orí rẹ̀, kò sì kan ẹnikẹ́ni. Kí wọ́n kọ ọ́ sí chef d'arrondissement gan-an, kí wọ́n sì fi orúkọ àti nọ́ńbà olùkọ́ kan síbẹ̀ tó lè dá fóònù lóhùn bí onílé bá pè. Ìyẹn nìkan ì bá ti gba ọ̀sẹ̀ méjì lọ́wọ́ mi. Lẹ́yìn náà, kí olúkúlùkù wa kọ ojú ewé kan sínú orí tó wà fún ọgbọ́n ìwádìí: ilé wo ni mo dé sí, ta ló mú mi wọ̀ ọ́, èdè wo ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, ta ni kò bá mi sọ̀rọ̀. A máa ń kọ irú ẹ̀rọ agbóhùnsílẹ̀ tí a lò, àti ọjọ́ tí a lò ó. Kí ló dé tí a kì í kọ yàrá? Èmi ti kọ tèmi. Ẹni tó ń tọ́ mi sọ́nà kọ́kọ́ fa ìlà sí i pé ọ̀rọ̀ ara ẹni ni. Mo ṣàlàyé, ó sì fi í sílẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀kẹta, kí àwa akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wa ní ìwé àkọsílẹ̀ kan ní ọ́fíìsì ẹgbẹ́, níbi tí ẹni tó bá ti ìlú kan dé yóò ti kọ ohun tó rí sílẹ̀. Kò pọn dandan kí orúkọ onílé wà níbẹ̀ bí kò bá fẹ́. Bí owó yàrá ṣe rí, bóyá iná àti omi wà, ẹni tó yẹ kí á kọ́kọ́ kí, apá ibi tí a ti ń gbọ́ èdè wo. Àwọn tó ti lọ sí Bantè, Ouèssè àti Savè wà láàrin wa, ẹnu ni wọ́n fi ń sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́ wọn nìkan.

Èmi yóò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Paouignan. Ẹni tó bá fẹ́ lọ, kí ó lọ wo ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí ó bojú wo inú kànga kí ó tó fọwọ́ sí ohunkóhun, nítorí lásìkò òjò gbogbo kànga ló ń rẹ́rìn-ín. Kí ó wo òrùlé pẹ̀lú: páànù láìsí àjà lábẹ́ rẹ̀ kì í ṣeé jókòó sí lọ́sàn-án, ẹ kò sì ní lè gba ohùn sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ nígbà òjò. Bí ó bá jẹ́ pé Dassa ni yóò kọ́kọ́ sùn sí, kí ó má fi sí agbedeméjì oṣù kẹjọ, yíká àjọ̀dún Assomption, nígbà tí àwọn onígbàgbọ́ ń rọ́ lọ sí ihò àpáta Arigbo láti ibi gbogbo, tí yàrá kì í sì í kù. Nọ́ńbà Ìyá wà lọ́wọ́ mi. N ó pè é kí n béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó fún ẹnikẹ́ni, mo sì mọ̀ pé ohun àkọ́kọ́ tí yóò bi mí ni bóyá ẹni náà máa ń jí kí ilẹ̀ tó mọ́.